Iwin Inú Ẹ̀rọ Eré Mi Ti Di Ọkọ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí iwin lónìí!

Láti ilé ìwé lísé ni mo ti ń mú iwin sínú ẹ̀rọ eré mi. Dàda tó ń yọ iná lẹ́nu ni ọ̀gá wọn. Lánàá, mo gbé ẹ̀rọ náà fún ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Lónìí, ìjà ńlá dé nínú eré náà. Mo ní:

"Tètè pe Dàda!"

"Ṣé ó ti wà nílé yín kí n tó dé?"

"Ó ti pẹ́."

"Ọkọ mi náà nìyẹn. N ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn." Ló bá kúnlẹ̀. "Eyínfúnjowó, ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Iwin kékeré tóun fúnra ẹ̀ mú lánàá ló rán lọ jà. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà!

Mo ké sí ìyá mi, mo ro gbogbo ẹjọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó yìí lẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ ńkọ́, o ti kí Eyínfúnjowó láàárọ̀ yìí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ṣé kí n kí i ni, àbí kí n fúnra mi wọnú ẹ̀rọ lọ jà?