Ẹni Tí Ó Ń Gbé Àlọ́ Ti Àlọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá pa àlọ́ tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, a ní, “Gbé e síbí, ká gbé èkejì tì í.” Láyé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń fi lítíréṣọ̀ ìlú kan wé ti òmíràn, ojúde onílé ni ó fi ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn Faransé ni ó ti kọ́ èdè Faransé. Nígbà tí ó padà sí Ọ̀kà, kò rí ẹni bá a sọ ọ́, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń fi í kí láràárọ̀.

Òun ni agbẹnusọ wa nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ìkàrẹ́. Lẹ́yìn ìkíni, kàkà kí ó tọrọ ọmọ, ó ní, “Ẹ̀yin àna wa, báwo ni Ìjàpá ṣe kú lọ́dọ̀ yín?”

“Inú ìkòkò oyin ló kú sí,” ni bàbá ìyàwó dáhùn.

“Ní Ọ̀kà, kò kú. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wà nípò rẹ̀.”

“Irọ́ ni! Tiwa kú pátápátá!”

“Mo gbọ́, àmọ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó.”

Bàbá ìyàwó fò dìde. Ó ní ká gbé iṣu tí a mú wá ká máa lọ, pé òun kò ní fọmọ fún ìlú tí Ìjàpá kò ti kú.

Ni ọmọbìnrin náà bá jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ. Bó bá wà láàyè níbẹ̀ lóòótọ́, n ó rí i.”

Bàbá rẹ̀ padà jókòó.

“Ó dáa, máa lọ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí o bá rí i, pa á.”