Agolo Mílíìkì Lórí Báńgà

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Etí òsì mi ò gbọ́ràn láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí mo fi orí ìṣáná àti ìṣó ṣe báńgà ara mi, tó bẹ́ sí mi létí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, kíláàsì mi kì í lọ ìsinmi Kérésì láìjẹ́ pé mo kọ́ wọn bí báńgà ṣe ń dún. Èédú lílọ̀ àti imí ọjọ́ wà nínú ẹ̀tù rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ kan tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde bí iná bá kàn án. Afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ló gbé dání, kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá jó, gáàsì gbígbóná á pọ̀ lójijì, á máa wá àyè. Bébà tí wọ́n wé mọ́ ọn kò fún un láyè, ló bá bẹ́: gbòà! Bí wọ́n bá ṣe há a mọ́ tó ni yóò ṣe le tó. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó wà ní kíláàsì náà, mọ gbogbo rẹ̀ lórí.

Lọ́jọ́ Kérésì tó kọjá, a wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà níwájú ilé. Ọ̀kan kọ̀, kò dún, òwú rẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Kí n tó dìde lórí àga, ìyá mi ti fi agolo mílíìkì dé e mọ́lẹ̀. Bó ṣe máa ń pa èédú tó fi ń dáná nìyẹn.

"Ẹ fi í lẹ̀, ó ti kú," ló wí, ó kọjú sí ìdí ọbẹ̀ rẹ̀.

"Màmá Oǹdó, kò kú o! Ó máa le sí i ni!" Ọmọ mi ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, kì í ṣe sẹ́yìn o, síwájú ni, ó fẹ́ lọ ṣí agolo.

 Mo fò, mo fa aṣọ Kérésì rẹ̀ lẹ́yìn, ó ya. Gbòà! Agolo fò kọjá lókè orí wa, ó lu páànù òrùlé, ó já bọ́.

Mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

"Ta ló ní kó o sá lọ síbẹ̀? Ṣé n kò kọ́ ẹ ni?"

Ó ń sunkún sí mi léjìká. "Ẹ kọ́ wa bó ṣe ń dún, Mọ́mì. Ẹ ò sọ pé ká sá."

Etí ọ̀tún ló sọ ọ́ sí. Mo gbọ́ ọ ketekete.