Lẹ́tà Ọ

Bí òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó bá ti kan imú mi, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Libreville ni mo máa ń bá ara mi, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá mi ní àdúgbò Nombakélé. Ó ń lọ aṣọ oníbàárà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Èmi jókòó sórí àpótí, mo kọjú síta. Faransé ló kún ẹnu mi láti ilé ìwé, ni bàbá mi ṣe dá eré kan sílẹ̀: a ó mú lẹ́tà kan, a ó máa fi pe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá sọ Faransé ti fìdí rẹmi. Ọjọ́ yẹn, Ọ la mú.

"Ọsàn," ó ní.

"Ọbẹ̀."

"Ọ̀pọ̀lọ́."

Àwọn ará òdìkejì ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé òjò ló ṣú.

"Ó ti tán nínú ẹ, àbí? Mo ń kà á o! Ení, èjì..."

Mo bojú wo ìta. Ọkùnrin mẹ́ta tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń bọ̀. "Police" ti Faransé ló kọ́kọ́ dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Ọlọ́pàá!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "O káre, ọmọ mi!" Kò bojú wẹ̀yìn. Ó wọ́n omi sí aṣọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Kò ní ìwé ìgbélùú. Ká ní Faransé ni mo fi pè wọ́n ni, ì bá ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ.

Wọ́n mú un jáde, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lórí aṣọ. Èéfín ń gòkè, mo jókòó sórí àpótí, mo ń dúró dè é. Òun ló kàn.