Ọ̀rá Tí Bàbá Mi Dì Mọ́ Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n

Ìyá mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, orúnkún wọn náà ò sì fẹ́ kí wọ́n máa dìde. Torí etí wọn ni bàbá mi ṣe ra sáúńdíbà, àpótí ohùn gbọọrọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohùn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ, àmọ́ ti sáúńdíbà ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ọwọ́ bàbá mi ni rìmóòtù kékeré tó bá a wá máa ń wà. Bí ládàánì mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí ilé bá ti lanu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ilé á pa rọ́rọ́. Nínú àgbàlá wa, ìtìjú gbáà ni kí ohùn tẹlifíṣọ̀n èèyàn máa bá ìpè ìrun jà.

Bàbá mi kú, kí Ọlọ́run fi Alujanna kẹ́ wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, rìmóòtù náà kú. Omi bátìrì ló jẹ ẹ́ nínú, mo sì wá irú ẹ̀ títí, n ò rí. Láti ìgbà náà, ìyá mi ní láti fi ọ̀pá dìde, kí wọ́n rìn dé ìdí sáúńdíbà, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì orí ẹ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, ládàánì á ti parí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pèrun o!" Ìyá mi, tó kọ́ àwọn ọmọ obìnrin yẹn ní Kùránì! Ojú tì wọ́n débi pé wọ́n ní kí n wá gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ sílé mi, àwọn ò wò ó mọ́.

Inú bí mi. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ń bá wọn gbélé láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo ní n ò gbé nǹkan kan lọ síbì kan. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ni yóò máa pàṣẹ fún sáúńdíbà, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ọkùnrin tó ń ta wáyà ní Ọbaléndé ló là mí lóye. Ó ní wáyà tín-ín-rín oníná pupa tí a fi so wọ́n pọ̀ ń gbé ohùn kọjá, kò lè gbé àṣẹ. "Wáyà HDMI tó ń gbé méjèèjì lẹ máa rà, Mummy. Ihò tí wọ́n bá kọ ARC sí lára ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀ o. Òmíì ò lè work."

Lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sí ARC lára èyíkéyìí. Mo ki wáyà bọ ti àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Mo ki í bọ èkejì, ó tún dákẹ́. Mo bú u, mo pa á, mo tún tàn án. Ìgbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ni mo rí ihò kẹta lábẹ́ ọ̀rá.

Ilé wa kì í ya ọ̀rá kúrò lára ohun tuntun. Àga pálọ̀ wa lo ọdún méje nínú ọ̀rá, òógùn la fi ń dìde lórí ẹ̀. Nítorí atẹ́gùn ọ̀sà tó ń jẹ irin, bàbá mi ti fi ọ̀rá tí tẹlifíṣọ̀n náà bá wá di ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yí ká, ojú tí ooru máa gbà jáde àti ibi wáyà pupa nìkan ni wọ́n gé.

"Màámi, ẹ jẹ́ n gé ọ̀rá yìí."

"Má fọwọ́ kàn án. Bàbá ẹ ló dì í."

Àmì àtàǹpàkò bàbá mi wà lára téèpù náà lóòótọ́, ó hàn ketekete. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n n kò dìde.

"Torí kẹ́ ẹ lè máa gbọ́ràn ni wọ́n ṣe ra nǹkan yìí, Màámi. Tí mo bá gbé e lọ, a ti sọ iṣẹ́ wọn dòfo nìyẹn."

Ìyá mi na sísọ́ọ̀sì ìránṣọ wọn sí mi. "Má fà á ya. Gé e létí-létí."

Mo gé e. ARC wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n, mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti máa gbọ́ ara wọn lédè, mo sì ní kí ohùn máa gba sáúńdíbà jáde. Mo tẹ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ohùn sáúńdíbà lọ sílẹ̀, ó tún gòkè. Mo pariwo bí ẹni tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún, mo sì gbé rìmóòtù lé ìyá mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ládàánì lanu fún ìrun àlàásárì, ìyá mi ò dìde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ilé pa rọ́rọ́. A gbọ́ ìpè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ètè wọn sì ń dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìrun, mo ń gbálẹ̀, mo wá ọ̀rá tí mo gé, n ò rí i. Orí itan ìyá mi ló wà. Wọ́n ti fi di rìmóòtù, téèpù bàbá mi wà lókè, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tiwọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àmì yẹn.

"Kó má baà bàjẹ́," wọ́n ní.