Garawa Iyanrìn Fọlákẹ́

Kíbọ́ọ̀dù ni Fọlákẹ́ kọ́kọ́ fi lu Ìyàndá. Kò lù ú lẹ́ẹ̀kan, kò lù ú lẹ́ẹ̀mejì; ó lù ú títí kíbọ́ọ̀dù náà fi kán sí méjì, tí àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ sì fọ́n ká sílẹ̀ bí ọmọ àgbàdo. Àwọn tó wà ní àdúgbò Alajue lọ́jọ́ náà ní àwọn kò tíì rí obìnrin oníjọ Onítẹ̀bọmi tó mọ ìjà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn obìnrin kan ní ẹnu. Ọwọ́ ni Fọlákẹ́ ní.

Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Ẹdẹ tó ń gba ògbólógbòó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì ní Òṣogbo àti Ìbàdàn. Fọlákẹ́ á tú wọn, á tún wọn ṣe, ilé iṣẹ́ á sì kó wọn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí agbára wọn kò ká tuntun. Bí kọ̀ǹpútà bá wá kú pátápátá, wọ́n á tún lọ gbé òkú rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má baà dáná sun ún, kí májèlé inú rẹ̀ má sì ṣàn wọ odò. Fọlákẹ́ ti dúró níwájú àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bíi mẹ́tàlá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé kọ̀ǹpútà tó bá gba ọwọ́ òun kọjá kò ní jóná ní Ẹdẹ láé.

Dídáná sun kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ Ìyàndá. Ẹ̀yìn Alajue ló ti ń sun wọ́n, kó lè rí wáyà bàbà inú wọn yọ tà. Lọ́jọ́ kan, Fọlákẹ́ lọ gbé òkú kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ní ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ náà ti tà wọ́n fún Ìyàndá. Ó tọ èéfín dúdú lọ títí ó fi bá Ìyàndá nídìí iná, ó sì mú kíbọ́ọ̀dù tí iná kò tíì dé. Ìyàndá náà kì í ṣe ẹran jíjẹ. Ó gbá a létí débi pé etí òsì rẹ̀ ń hó fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà náà, ibi tí wọ́n bá ti pàdé, ìjà ni. Wọ́n jà ní gáréèjì. Wọ́n jà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà kan, Fọlákẹ́ pariwo pé ejò wà lẹ́sẹ̀ Ìyàndá. Bí ó ti bojú wolẹ̀, òkúta Fọlákẹ́ ló bà á lórí. Kò sí ejò kankan níbẹ̀. Fọlákẹ́ fi í ṣe ẹ̀rín fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni Ìyàndá wá gbẹ̀san. Ogún láàpútọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì ilé iṣẹ́, tí wọn yóò kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ara ní ọjọ́ Ajé. Ní Ara, tíṣà kan tó ń jẹ́ Gbọ́láhàn ti fi ẹfun ya kọ̀ǹpútà sára pátákó fún ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ á máa fi ìka tẹ ẹfun. Fọlákẹ́ ti bá a yan ọjọ́ náà, ó sì ń ka ọjọ́ bí ọmọdé tó ń retí Kérésìmesì.

Ìyàndá wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti òòlù. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Fọlákẹ́ ti da omi sí iná òun, òun náà yóò fọ́ ìkòkò rẹ̀. Fọlákẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi irin gbá orúnkún ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin náà ṣubú. Èkejì gbá a mú látẹ̀yìn, ó tẹ apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ tábìlì, Ìyàndá sì fi òòlù bà á lọ́rùn ọwọ́. Fọlákẹ́ gbọ́ bí egungun náà ṣe kán kó tó mọ ìrora rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyàndá ti rí garawa ńlá kan lẹ́bàá ògiri, tó kún fún iyanrìn gbígbẹ. Inú rẹ̀ ni Fọlákẹ́ máa ń sin bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó bá ti wú sí, nítorí bátìrì tó wú, bí nǹkan bá gún un, iná ni. Ìyàndá kò mọ̀. Ó rò ó pé kò sẹ́ni tó ń sin pàǹtí sínú ilé. Ohun tó níye lórí ni èèyàn ń rì mọ́lẹ̀. Ó wa iyanrìn náà, ó mú èyí tó sanra jù, ó gbé e sáàárín àwọn láàpútọ́ọ̀pù Ara, ó sì gbé òòlù sókè kó lè fọ́ ọ wò.

"Ìyàndá, má lù ú," Fọlákẹ́ wí. "Iná wà nínú rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè bóyá ejò ọjọ́sí náà ló tún dé. Ó lù ú.

Iná náà bú gbàmù sí i lójú, ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fò mọ́ láàpútọ́ọ̀pù tó wà nítòsí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì sá, èyí tó ń tiro kò gbẹ́yìn. Ìyàndá ń yí nílẹ̀, ó ń ké. Iná ń jó lórí tábìlì, iná ń jó lára ènìyàn, garawa iyanrìn kan ṣoṣo ló sì wà. N kò ní purọ́ fún yín: Fọlákẹ́ dúró díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó jẹ́ kí ó jó. Lẹ́yìn náà ó fi èjìká ti garawa náà, ó sì da gbogbo iyanrìn lé Ìyàndá lórí.

Kó tó fi ọwọ́ òsì wọ́ ọ dé ìta, ogún láàpútọ́ọ̀pù ti ń jó. Èéfín dúdú gòkè, àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń sun kọ̀ǹpútà láàárín ìlú. Ìyẹn ló pa Fọlákẹ́ lẹ́kún, kì í ṣe ọwọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kọ́kọ́ lọ sí Ara, ó sọ fún Gbọ́láhàn pé òun kò mú nǹkan kan wá. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ tó kán wà nínú P.O.P.. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú Ìyàndá méjèèjì. Ó béèrè ta nìyẹn, Fọlákẹ́ sì dárúkọ ara rẹ̀. Ìyàndá yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ẹ."

"Mo rò pé irọ́ ni."

"Mo mọ̀," Fọlákẹ́ wí. "Èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì fa àga, ó sì jókòó.