Mẹ́ta Tó Dúró Lọ́dọ̀ Àgbà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àwa tí a wà ní kíláàsì ìwé mẹ́fà, nínú ilé ìwé onípákó tó dúró lórí omi nítòsí ìlú Zion Pepe, ni Tíṣà Ògúnlẹ́yẹ, àwọn ọmọ bí ogún tí ọjọ́ orí wọn kò ju mọ́kànlá lọ, àti èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n. Òórùn ẹja tí àwọn ìyá ń yan gba àárín pákó wọlé, ó bá wa jókòó.

Ará òkè tí omi kò mọ́ lára ni Tíṣà. Bí ó bá wọ ọkọ̀, á di etí ọkọ̀ náà mú bí ẹni pé òun ni kò jẹ́ kó rì. Níwájú pátákó nìkan ni ó ti ń láyà. Ó kọ mẹ́ta sí ìta àkámọ́, ó kọ mẹ́rin àti méjì sínú, ó fi àmì ìròpọ̀ sáàárín wọn. Ó ní a kò gbọdọ̀ ro tinú pọ̀ ná. Mẹ́ta tó wà níta ni yóò wọlé lọ sọ wọ́n di púpọ̀. Ọ̀nà tààrà wà, ìwé ní ká gba ẹ̀yìnkùlé.

Ó pè mí síwájú. Mo sọ mẹ́rin di ìlọ́po mẹ́ta, ó di méjìlá. Mo fi méjì lé e, mo kọ mẹ́rìnlá, mo dúró gbọingbọin.

"Bàbá Kíláàsì," ni Tíṣà wí, "kí ni méjì ṣe tí mẹ́ta kò fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mẹ́rin ni àgbà, sà. Bí mẹ́ta bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò fún àbúrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí pákó ilẹ̀ fi ń mì. N kò ṣàwàdà. Bí ọkọ̀ àlejò bá gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilé wa, ohun yòówù tó gbé wá, ọwọ́ bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Bí ó bá ṣẹ́ kù, a óò rí i. Òwe kan ṣoṣo ló fi ń pa wá lẹ́nu mọ́: "Ẹnu àgbà lobì ń gbó." Àwa ọmọ kì í rí obì náà nígbà tó bá gbó tán.

"Ìṣirò kò mọ àgbà," ni Tíṣà wí. Ó ní bí mo bá tún ṣì í ní Ọjọ́bọ̀, òun yóò dá mi padà sí ìwé márùn-ún. Bàbá mi sì ti sọ tirẹ̀ kí n tó wọ ilé ìwé rárá: ọjọ́ tí mo bá rẹ̀yìn, ọkọ̀ àti àwọ̀n ló kàn.

Nígbà ìsinmi, Ẹ̀bùn, ẹni tó kéré jù ní kíláàsì, wá jókòó tì mí, ó ń ha gààrí gbígbẹ jẹ.

"Bọ̀dá, bí Tíṣà bá ní kí wọ́n na èmi pẹ̀lú yín ní ẹgba mẹ́ta mẹ́ta, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gba gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bù fún mi níbẹ̀?"

"Rárá o."

"Ó yé yín nìyẹn. Kò yé yín lórí pátákó ni."

N kò tí ì rí àgbà tó ń gba ẹgba ọmọdé mọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà kọ márùn-ún síta, ó kọ mẹ́fà àti mẹ́ta sínú. Mo jẹ́ kí márùn-ún na mẹ́fà, mo jẹ́ kó na mẹ́ta. Ó di márùndínláàádọ́ta. Tíṣà wò ó títí, ó ní kí n lọ jókòó. Oríyìn rẹ̀ kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe, ó béèrè ohun tí wọ́n kọ́ mi. Mo ní ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àgbà, kó sì dé ọwọ́ ọmọ bákan náà.

"Ọmọdé ló kọ ìwé yẹn," ó ní.

Ọdún ti gorí ọdún, èmi ni àgbà ilé náà báyìí. Ìyàwó mi, tó máa ń bu oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ kálukú kí n tó fọwọ́ kàn án, ti fi ilé sílẹ̀ lọ. Bí ẹja bá dé, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí, àwọn ọmọ a sì máa wò mí. Mo mọ ìdáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn ì bá sọ ọ́ jáde. Èmi a kọ́kọ́ mú orí ẹja ná.

Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìṣirò Ọjọ́bọ̀ náà, bàbá mi gbé àwọ̀n sínú ọkọ̀. Ó fi àjẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi lórí pákó, kí n wá bá òun wa ọkọ̀ lọ pẹja. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo gbé àjẹ̀ náà lé e lọ́wọ́, mo gba orí afárá lọ sí ilé ìwé.