Àmín tí Àna Wa Ṣe sí Orúkọ Ara Rẹ̀

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé London, òun náà ló sì sọ mí di olùkọ́ èdè Norway. Ilé Uncle mi, àbúrò bàbá mi, ni mo ń gbé ní Nunhead, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bermondsey. Àwọn ará Norway máa ń wọ̀ síbẹ̀ gan-an, mo wá ń fọ́nnu nílé pé kò sí orúkọ wọn tí mi ò lè pè. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé "Sir" ni mo ń pe gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tí wọ́n kọ "Odd" sí iwájú yàrá kan nínú ìwé àlejò, mo rò pé ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kí n tó dé ló ń kìlọ̀ fún mi pé orí ọkùnrin náà kò pé. Òkèèrè ni mo ti na kọ́kọ́rọ́ sí i, bí ẹni tó ń fún ajá onílé lóúnjẹ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Ìgbà yẹn ni ọmọ Uncle obìnrin, tí wọ́n bí sí Peckham, kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp pé òun ti rí ọkọ, Tore lorúkọ rẹ̀. Uncle wò ó, wọ́n kà á ní Tọ́rẹ. Ayọ̀ wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí fẹ́ Yorùbá. Nígbà tó di Sunday, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni àna àwọn, nítorí pé wọ́n ti mọ Tọ́rẹ kan ní Ìjẹ̀bú rí. Lọ́sẹ̀ kejì ni ọmọkùnrin náà wá kí wọn. Ó ga, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó ní ará Norway ni òun, Túrẹ ni wọ́n ń pe òun. Uncle wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Tọ́rẹ ń bọ̀.

Ó dùn wọ́n, ojú sì tún ń tì wọ́n nítorí ẹ̀rí tí wọ́n ti jẹ́. Wọn kò bá ọmọ wọn jà, ṣùgbọ́n wọ́n pè wá jọ sí pálọ̀. "Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni," wọ́n wí. "Ẹni tí mi ò lè dárúkọ ẹ̀ níwájú Ọlọ́run, mi ò lè fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́. In-law tí mi ò lè gbàdúrà fún, irú in-law wo nìyẹn?" Òbí ọmọkùnrin náà ń bọ̀ láti Norway lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn bá fi orúkọ wọn gbàdúrà láìṣì í pè, kí ìgbéyàwó máa lọ. Bí àwọn bá ṣì í pè, kò sí ìgbéyàwó. Wọ́n tún ní ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn, nítorí ọmọ kì í kọ́ àna rẹ̀ ní ABD. Ọmọ wọn yíjú sí mi pẹ̀lú omi lójú. "Bro, you said you know this thing. Jọ̀ọ́, kọ́ Daddy." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Inú bọ́ọ̀sì 78 ni mo ti sá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ojú-ewé kan tó ń kọ́ àwọn Òyìnbó bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn ará Norway. Ìyá ọmọkùnrin náà ń jẹ́ Åse. Nígbà tí mo pè é fún Aunty, ìyàwó Uncle, wọ́n ní wàhálà wo ló wà níbẹ̀, Ọ̀sẹ̀ nìyẹn, bí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Are. Ojú-ewé náà ní kí Òyìnbó má pè é bí ìgbà tó ń sọ "how are you". Kó la ẹnu sọ "a" bí ìgbà tí dókítà ń wo ọ̀nà ọ̀fun, kó wá fi "rẹ" tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọn kò fi àmì ohùn sí i, Yorùbá wo ló sì lè pe ohun tí kò lóhùn? Mo fi àmì tèmi sí i: Ààrẹ. Uncle fò dìde. Wọ́n ní àwọn á fọmọ sílẹ̀, àwọn á tún máa pe bàbá ẹlòmíì ní Ààrẹ nínú ilé tí àwọn ń san Council Tax ẹ̀? Mo yára yọ àmì kúrò, a fẹnu kò sí Arẹ, ohùn àárín pọ́nbélé. Uncle ń pè é nínú balùwẹ̀, wọ́n ń pè é ní Rye Lane níbi tí wọ́n ti ń yan iṣu. Wọ́n mọ̀ ọ́n pè lóòótọ́. Èmi náà ń yan káàkiri ilé bí ọ̀gá ilé-ìwé.

Àwọn àlejò dé lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n gbé wàràkàṣì ilẹ̀ wọn wá, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní igun mẹ́rin. Aunty rò pé ọṣẹ ni, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e lọ sí balùwẹ̀. A dìde, a dira wa lọ́wọ́ mú, Uncle di ojú. Wọ́n dárúkọ Arẹ, ó pé. Wọ́n dárúkọ Ọ̀sẹ̀, kò burú. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n àdúrà Uncle kò mọ kúkúrú. Bó ṣe gbóná báyìí, ahọ́n wọn fi ìwé mi sílẹ̀, ó gba ọ̀nà tó ti mọ̀ láti ogójì ọdún. Wọ́n ní, "Baba, mo dúpẹ́ pé Àárẹ̀ wọ ilé mi lónìí."

Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín. Uncle rò pé ìgbàgbọ́ wa ló ti tutù, wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n ní kí Àárẹ̀ pẹ́ láyé, kí Àárẹ̀ má kúrò lára ìdílé yìí. Aunty la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Èmi ń ka ìlà ara kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Uncle rí i pé a ò dáhùn, wọ́n sá lọ bá àdúrà àtijọ́, èyí tí kò sí Yorùbá tí kì í ṣe Àmín sí i: "Àárẹ̀ ò ní wọ ilé yìí mọ́ láéláé." Àmín náà mi fèrèsé. Ti bàbá ará Norway ló sì ròkè jù. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ṣe Àmín, omi lé ròrò sí i lójú.

Uncle la ojú. Mo rí ìgbà tí etí wọn gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ti sọ. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ọmọ Uncle wo èmi olùkọ́, èmi náà wo bàtà mi. Irọ́ ì bá rọrùn níbẹ̀, mo sì ti ń wá èyí tó máa dára. Uncle kò dúró dè mí. Wọ́n fi òyìnbó ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ àìsàn ni àwọn fi pè é, àti pé àwọn ti gbàdúrà lé e jáde nílé. Ọmọ wọn di ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mú bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ọkùnrin náà wá béèrè orúkọ Uncle. Láti ọjọ́ tí Uncle ti wà ní London, "Mr O" ni wọ́n ń pè wọ́n níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ìyókù rí. Wọ́n rọra pè é fún un: Ọlákìítán, ọlá tí kì í tán. Ọkùnrin náà fọ ọ̀fun rẹ̀, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹta ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pè é ní "Ọlá tán".

Aunty ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Uncle bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi di àga mú, wọ́n sì túmọ̀ ìyẹn náà fún àlejò wọn. Wọ́n wá kọjú sí wa.

"A ti ṣépè fúnra wa tán," wọ́n wí. "Ó kù ká di àna."

Ọmọ wọn ti bímọ méjì báyìí, èmi náà sì ti fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ tipẹ́. Ojú ń tì mí díẹ̀ tí mo bá rántí irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tí mo rò pé ahọ́n nìkan ni wọ́n fi ń mọ orúkọ èèyàn. Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Are ní Norway. Uncle kó wa jọ sórí fóònù láti gbàdúrà. Wọ́n lé àìsàn, wọ́n lé ìrora, wọ́n lé ibà tí kò sí ní Norway pàápàá, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ àárẹ̀. Mo bi Aunty lẹ́yìn náà, wọ́n ní láti Sátidé ọjọ́ yẹn, Uncle kò fi ọ̀rọ̀ náà lé ohunkóhun jáde mọ́. Uncle ní àwọn ò fẹ́ kí Ọlọ́run ṣì í gbọ́.